Ọjọ́ Tí Wọ́n Buwọ́ Lùwé Ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ti Ń Mọ Bí Yóò Ṣe Jẹ Ìyà Jíjábọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn. Mo ka èrò tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yín kọ sí ojú ewé eré ìdárayá nípa àwọn ẹgbẹ́ tó ń já kúrò nínú Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti sọ pé ìtìjú gbáà ni kí ẹgbẹ́ ńlá máa ta àwọn ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní kété tó bá já bọ́, àti pé ohun tó yẹ ni kí wọ́n di gbogbo wọn mú ṣinṣin, kí wọ́n tún ra àwọn mìíràn kún wọn, kí wọ́n lè padà sókè láàárín ọdún kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, pàápàá létí ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan dénú, ṣùgbọ́n kò bá bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mu rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi kí n sọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kí ẹgbẹ́ kan tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn sáà ni ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ti yanjú, ì báà jẹ́ sí rere tàbí sí búburú. Ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lu ìwé àdéhùn àwọn agbábọ́ọ̀lù, nígbà tí ara ṣì tù wọ́n, ni ó ti yanjú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀gbun tó wà láàárín ìpele méjèèjì ṣe jìn tó. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ipò ogún, tó gbẹ́yìn pátápátá nínú Premier League lóde òní, ń gba owó tó lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn lọ́wọ́ líìgì náà láàárín sáà kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní Championship, tó jẹ́ ìpele kejì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ni ẹgbẹ́ tí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ láti òkè ń rí nínú owó tí Premier League ń fi ṣọwọ́ sí wọn, kí wọ́n tó fi owó tẹlifíṣọ̀n ti líìgì tiwọn kún un. Iṣẹ́ ajé wo ni ó tún wà láyé tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọlé ṣe jáde dáadáa ti lè pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún un láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé bọ́ọ̀lù kan gbá òpó dípò kó wọnú àwọ̀n?

Nítorí ọ̀gbun yìí ni Premier League ṣe ń san owó tí gbogbo ayé mọ̀ sí owó páráṣúùtù. Ní ọdún kìíní, ẹgbẹ́ tó já bọ́ ń gba ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pín ní ọgbọọgba fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lókè. Ní ọdún kejì, ìdá 45. Ní ọdún kẹta, ìdá 20. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé sáà kan péré ló lò lókè kó tó padà wálẹ̀ kì í rí ti ọdún kẹta gbà. Ti ọdún kìíní nìkan lé ní mílíọ̀nù 40 pọ́n-ùn. Òǹkọ̀wé yín wo owó yìí, ó sì rí i bí ohun ìjà tí a fi ń gba ipò padà. Bí èmi ṣe rí i yàtọ̀. Owó àwọn tí ẹgbẹ́ ti ṣèlérí fún kó tó já bọ́ ni wọ́n ń fi í san, kí ilé má baà wó lé gbogbo wọn lórí kí wọ́n tó ráyè tún un tò, ó sì ń dín kù lọ́dọọdún kí ó baà lè hàn sí wọn pé yóò tán. Ẹni tó bá fi ra agbábọ́ọ̀lù tuntun lórí àdéhùn ọdún márùn-ún ti fi owó ọdún mẹ́ta tọrùn bọ gbèsè ọdún márùn-ún.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ti já kúrò nínú Premier League lẹ́ẹ̀mejì láàárín ogún ọdún, tí ọ̀nà tó gbà jẹ ìyà rẹ̀ nígbà méjèèjì sì yàtọ̀ síra gédégédé. Leeds United ni. Ní ọdún 2001, Leeds dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú Champions League. Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ náà gbà pé owó ìdíje yẹn yóò máa wọlé lọ́dọọdún, wọ́n wá yá mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn, wọ́n sì fi owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn èrò ìwòran yóò máa san fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ń bọ̀ dúró fún un. Nígbà tí wọn kò rí àyè wọ inú ìdíje náà mọ́, gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í gorí gbèsè. Wọ́n ta Rio Ferdinand fún Manchester United ní ọdún 2002 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, wọ́n ta Robbie Fowler fún Manchester City, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń san apá kan lára owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti lọ. Agbábọ́ọ̀lù ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ tó tà á ń tọwọ́ bàpò fún un! Owó tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ ti ga ju ohun tí ẹni tó rà á fẹ́ dá gbé lọ, ẹni tó kọ ọ́ ló sì gbọ́dọ̀ ru ìyókù.

Ìgbà tí wọ́n máa fi já bọ́ ní ọdún 2004, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Alan Smith lọ sí Manchester United, Paul Robinson lọ sí Tottenham, Mark Viduka lọ sí Middlesbrough, James Milner tí wọ́n tọ́ dàgbà fúnra wọn lọ sí Newcastle. Gbogbo ẹgbẹ́ tó wá nájà lọ́dọ̀ wọn ló mọ̀ pé Leeds kò lè sọ pé òun kò tà, ẹni tí olówó èlé sì dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í dá iye lé ọjà tirẹ̀. Ní ọdún kan náà ni wọ́n ta pápá ìṣeré wọn, Elland Road, tí wọ́n wá di ayálégbé nínú ilé ara wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, ẹgbẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn alámòójútó tí òfin ń yàn fún ilé iṣẹ́ tí kò lè san gbèsè mọ́. Wọ́n yọ àmì 10 lára àmì wọn, wọ́n sì já sí ìpele kẹta. Kí sáà tó tẹ̀lé e tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún yọ àmì 15 mìíràn. Ọdún 2020 ni wọ́n tó fojú kan Premier League padà, lẹ́yìn ọdún 16.

Wọ́n tún já bọ́ ní ọdún 2023, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín tẹjú mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú ìwé àdéhùn àwọn agbábọ́ọ̀lù Leeds ló ní gbólóhùn tó ń gé owó ọ̀sẹ̀ kù bí ẹgbẹ́ bá já bọ́, àwọn kan sì tún ní gbólóhùn tó fún agbábọ́ọ̀lù láyè láti lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn fún sáà kan gẹ́gẹ́ bí àyálò. Inú bí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà gidigidi sí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, nítorí pé Brenden Aaronson, Robin Koch, Jack Harrison àti àwọn mìíràn rọra gba ẹnu ọ̀nà jáde láì jẹ́ pé Leeds rí iye tí wọ́n fi rà wọ́n gbà padà. Mo gbà pé ó dunni. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì rẹ̀: ẹrù owó ọ̀sẹ̀ wọn fúyẹ́ lọ́rùn ẹgbẹ́ ní ọdún tí owó tó ń wọlé já wálẹ̀ lójijì, wọ́n sì ṣì jẹ́ ti Leeds. Aaronson padà wá lẹ́yìn sáà kan, ó sì wà lára àwọn tó gbé ẹgbẹ́ náà padà sókè. Nígbà tí wọ́n pàdánù àṣekágbá ìdíje ìgbéga sọ́wọ́ Southampton ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n tún tà lẹ́ẹ̀kan sí i: Archie Gray, ọmọ ọdún 18 tí wọ́n tọ́ láti kékeré, lọ sí Tottenham, Crysencio Summerville lọ sí West Ham, Georginio Rutter lọ sí Brighton. Bí a bá tẹ̀ lé èrò òǹkọ̀wé yín, ẹgbẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Àmì 100 ni wọ́n gbà ní sáà tó tẹ̀lé e, wọ́n sì gba ife Championship.

N kò fẹ́ ṣe àbùmọ́. Owó páráṣúùtù tí Leeds gbà ní ọdún 2023 pọ̀ fíìfíì ju ti ọdún 2004 lọ, àwọn olówó kan láti Amẹ́ríkà, ìyẹn 49ers Enterprises, sì ra gbogbo ẹgbẹ́ náà tán ní ọdún tó já bọ́ gan-an, wọ́n sì nawọ́ sí i. Gbólóhùn inú ìwé àdéhùn nìkan kò gbé ẹnikẹ́ni padà sókè rí. Ohun tó ṣe ni pé kò jẹ́ kí wọ́n tà nígbà tí ojú ń pọ́n wọn. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tà, ọwọ́ wọn le díẹ̀ sí i lórí iye tí wọ́n ń dá lé e.

Kí wá ni gbólóhùn yìí, kí ló sì dé tí gbogbo ẹgbẹ́ kò fi máa kọ ọ́ sínú ìwé? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó ń gba 70,000 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ ń gba mílíọ̀nù 3.64 lọ́dún. Bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé owó náà yóò dín kù ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún bí ẹgbẹ́ bá já bọ́, yóò di 42,000 lọ́sẹ̀, ẹgbẹ́ yóò sì rí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn fi pamọ́ lórí ẹnì kan ṣoṣo láàárín ọdún kan. Ẹ wá sọ ọ́ di ènìyàn 20. Kò sí ìpàdé pàjáwìrì, kò sí ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, kò sí pé olùkọ́ni ń pe agbábọ́ọ̀lù sí kọ̀rọ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá já bọ́ ni owó ti dín kù fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n aṣojú agbábọ́ọ̀lù náà gbọ́n. Bí ẹgbẹ́ bá sọ pé òun fẹ́ gé ìdá 40, aṣojú yóò sọ pé kò burú, kí wọ́n kọ ọ́ pé bí wọ́n bá já bọ́, oníbàárà òun lè lọ ní iye kan pàtó, ẹgbẹ́ yòówù tó bá san án kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Tàbí kó ní kí wọ́n fi ẹ̀bùn owó kún un bí wọ́n bá yè é. Àwọn ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, tí wọ́n ń wá agbábọ́ọ̀lù lójú méjèèjì ní oṣù kìíní ọdún nígbà tí wọ́n ti wà nísàlẹ̀ tábìlì, ni ọwọ́ wọn kì í lè le lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ìgbà tí gbólóhùn náà wúlò jù lọ ni ó ṣòro jù lọ láti kọ. Bí wọ́n bá sì gé e jù, tí owó ènìyàn wá dín kù sí ìlàjì, onítọ̀hún yóò ti di ẹrù rẹ̀ kó tó di pé oṣù kẹfà parí. Ó ń fẹ́ làákàyè, kì í ṣe ọwọ́ líle nìkan.

Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn onígbọ̀wọ́ tí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn wà ní àyà ẹ̀wù kì í gbàgbé gbólóhùn yìí ní tiwọn. Kò wọ́pọ̀ kí agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ ńlá jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ buwọ́ lu àdéhùn láì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹgbẹ́ bá já bọ́, owó ìgbọ̀wọ́ yóò dín kù. Ẹgbẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń fún un lówó, ó wá ń tijú láti bèèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Sunderland ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lọ nípa bí ìwé kan ṣoṣo ṣe lè di egungun lọ́fun. Ní ọdún 2014 ni wọ́n ra Jack Rodwell láti Manchester City lórí àdéhùn ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n já bọ́ ní ọdún 2017, ìròyìn tó gbòde ni pé 70,000 pọ́n-ùn ni owó rẹ̀ lọ́sẹ̀, àti pé gbólóhùn tó dín ti àwọn yòókù kù kò sí nínú tirẹ̀. Ariwo ta, wọ́n bú u bí ẹni láyin. Èmi kò rí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí a fún ní ìwé tó sì di ìwé rẹ̀ mú kò jalè. Àwọn tó jókòó nídìí tábìlì ní ọdún 2014, tí wọn kò ronú pé ẹgbẹ́ lè já bọ́, ni kó wá dáhùn. Ní ọdún 2018, Sunderland tún já sí ìpele kẹta, sáà méjì léra wọn, gbèsè ọrùn ẹgbẹ́ náà sì ti lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn kó tó di pé Ellis Short, tó ni ín nígbà náà, san án kúrò kó tó tà á. Bẹ́ẹ̀, èrò ìwòran kò sá. Ní sáà àkọ́kọ́ wọn ní ìpele kẹta, ìpíndọ́gba àwọn tó ń wá wò wọ́n nílé lé ní 30,000. Ó yẹ kí èyí pa ẹnu àwọn tó ń sọ pé àìsí èrò ló ń pa ẹgbẹ́ tó já bọ́ mọ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò ní ìpele kẹta, ọdún 2025 ni wọ́n sì tó padà sí Premier League.

Ọ̀rọ̀ títa agbábọ́ọ̀lù tún ní ìṣirò kan tí kò hàn sí gbogbo ènìyàn, tí mo sì rò pé òun ni kò yé òǹkọ̀wé yín nígbà tó ń bèèrè pé èéṣe tó fi jẹ́ ọmọ tí ẹgbẹ́ tọ́ dàgbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tà. Bí ẹgbẹ́ bá ra agbábọ́ọ̀lù ní mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn lórí àdéhùn ọdún márùn-ún, àwọn olùṣírò owó máa ń pín in sí mílíọ̀nù 4 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún méjì, mílíọ̀nù 12 ló kù lórí rẹ̀ nínú ìwé. Bí ẹgbẹ́ bá tà á ní mílíọ̀nù 12, èrè òdo ni. Bó bá tà á ní mílíọ̀nù 8 nítorí pé ojú ń pọ́n ọn, àdánù mílíọ̀nù 4 ni ìwé yóò gbé jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dàgbà nínú ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà kò ní iye kankan lórí nínú ìwé, nítorí náà gbogbo owó tí wọ́n bá rí lórí rẹ̀, èrè pọ́ńbélé ni. Ẹ sì rántí pé wọ́n lè má tíì san owó ẹni tí wọ́n rà tán. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ń san owó ara wọn, lọ́dún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹgbẹ́ tó já bọ́ sì lè máa san gbèsè lórí agbábọ́ọ̀lù tó ti fi í sílẹ̀ tipẹ́.

Èrè inú ìwé yìí ṣe pàtàkì nítorí òfin. Lókè, títí di ìparí sáà 2025/26, líìgì gba ẹgbẹ́ láyè láti pàdánù tó mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn láàárín ọdún mẹ́ta, ìyẹn mílíọ̀nù 35 lọ́dún. Ní Championship nígbà náà, mílíọ̀nù 13 ni wọ́n kà sí ọdún kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 39 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹgbẹ́ tó já bọ́ yóò da ọdún òkè àti ọdún ìsàlẹ̀ pọ̀, àyè tó ní láti ṣi owó ná yóò sì máa dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Nítorí náà, bí òǹkọ̀wé yín bá ní kí wọ́n má ta ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì tún ra kún un, kí ó sọ fún wa pẹ̀lú iye àmì tó fẹ́ kí wọ́n yọ lára wọn nítorí rírú irú òfin yìí.

Kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní Ítálì, wọ́n ní owó páráṣúùtù tiwọn, èyí tó ń pọ̀ sí i fún ẹgbẹ́ tó bá ti pẹ́ lókè. Ní Jámánì, wọ́n máa ń wo bí ẹgbẹ́ ṣe ṣe sí láàárín ọdún márùn-ún bí wọ́n bá fẹ́ pín lára owó tẹlifíṣọ̀n, ìṣubú náà kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ga, síbẹ̀ Schalke 04 já bọ́ ní ọdún 2021 pẹ̀lú gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù 200 yúrò, ó padà sókè ní ọdún 2022, ó sì tún já bọ́ ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ti Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ló bani lọ́kàn jẹ́ jù. Ẹgbẹ́ tó gba ife líìgì ilẹ̀ náà ní ọdún 2009 já bọ́ ní ọdún 2022. Ní sáà tó tẹ̀lé e, ó kù díẹ̀ kí wọ́n padà. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, òǹwòran kan taari agbábọ́ọ̀lù Rodez, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá fẹsẹ̀ wọnsẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà dàrú, Bordeaux sì ṣe ipò kẹta nígbà tí ẹgbẹ́ méjì péré ń gòkè. Gbogbo ìṣirò owó tí wọ́n gbé lé pípadà lọ́dún kan dojú dé. Ní oṣù keje ọdún 2024, àwọn tó ń ṣọ́ owó líìgì nílẹ̀ Faransé ní kí wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀, àwọn tó fẹ́ rà wọ́n padà lẹ́yìn wọn, ẹgbẹ́ náà kọ ipò ẹgbẹ́ tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe sílẹ̀, èyí tó ti wà láti ọdún 1937, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìpele kẹrin. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń tọ́ àwọn ọmọ wọn, wọ́n tì í. Ẹgbẹ́ tó gbé gbogbo ohun tó ní lé pé òun yóò padà lọ́dún kan nìyẹn, ipò kan péré ló sì fi bọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ojú gbèsè, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù ló máa ń kọ́kọ́ jìyà, òǹkọ̀wé yín kò sì dárúkọ àwọn tó ń jìyà rárá. Òfin líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí ẹgbẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn alámòójútó, agbábọ́ọ̀lù àti àwọn ẹgbẹ́ yòókù tó jẹ ní gbèsè ni wọ́n gbọ́dọ̀ san tiwọn pé. Àwọn yòókù, títí dórí ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba, á pín èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ìjọba gbé òfin náà lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù ní ọdún 2012. Nígbà tí Portsmouth, tó gba ife FA ní ọdún 2008, bọ́ sọ́wọ́ àwọn alámòójútó ní oṣù kejì ọdún 2010, kó tó já bọ́ ní sáà yẹn gan-an, St John Ambulance, àwọn tó ń fi ọ̀fẹ́ tọ́jú ènìyàn tó bá fara pa, wà lára àwọn tí wọ́n jẹ lówó. Àwọn tó ń tẹ ìwé ètò, àwọn tó ń fọ aṣọ, àwọn tó ń gé koríko pápá, kò sí aṣojú kankan tó ń bá wọn kọ gbólóhùn sínú ìwé. Ẹgbẹ́ náà tún bọ́ sọ́wọ́ alámòójútó ní ọdún 2012, ó já títí dé ìpele kẹrin, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ló sì dá owó jọ láti rà á padà ní ọdún 2013.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé owó páráṣúùtù fúnra rẹ̀ ni kò dára, nítorí ó ń fún ẹni tó já bọ́ lágbára ju àwọn tó bá lójú ọ̀nà lọ. Òdodo wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta tó gòkè ní ọdún 2023 ló padà wálẹ̀ ní ọdún 2024, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gòkè ní ọdún 2024 náà ló padà wálẹ̀ ní ọdún 2025, àwọn ẹgbẹ́ tí kò sì tíì fojú kan òkè ń yáwó láti bá àwọn olówó páráṣúùtù díje. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn fòpin sí owó náà lójijì láì tún ìwé àdéhùn ṣe, ilé ẹjọ́ àwọn ajigbèsè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbà lọ. Òfin tí àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 2025 ti dá àjọ olómìnira kan sílẹ̀ tí yóò máa fún àwọn ẹgbẹ́ ní ìpele márùn-ún òkè ní ìwé àṣẹ. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí n ó bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè ni kó fi hàn mí iye tí owó oṣù rẹ̀ yóò jẹ́ ní ọjọ́ kejì tó bá já bọ́. Bí kò bá lè fi hàn, kò ní gba ìwé àṣẹ kí ó tó tún àwọn àdéhùn tuntun rẹ̀ kọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ yín, Olóòtú, kò le. Bí sáà bá ti fẹ́ parí, tí àwọn akọ̀ròyìn yín bá tún ń to orúkọ àwọn tí ẹgbẹ́ tuntun tó gòkè fẹ́ rà, kí wọ́n bá wa bèèrè bóyá gbólóhùn jíjábọ́ wà nínú ìwé wọn, iye tó máa gé, àti ẹni tó lè lọ láì gba àṣẹ. Ìwé ìṣirò owó àwọn ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun àṣírí. Wọ́n ń gbé e jáde lọ́dọọdún fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, iye owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sì máa ń wà níbẹ̀. Bí òǹkọ̀wé yín bá kà á kó tó kọ èyí tó kàn, n ó fi tayọ̀tayọ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín